Bí Ṣódipọ̀ Ṣe Gba Ẹ̀rọ Amúlétutù Lọ́wọ́ Gbodo

Ẹ bá mi kí Ṣódipọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ alágbẹ̀dẹ Ìtokò tí ń fọwọ́ lásán yọ irin nínú iná, ọmọ baba tó tún kẹ̀kẹ́ ọba ṣe, tí nọ́ọ̀tù méjì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, tí kẹ̀kẹ́ sì ń lọ geere! Akọni tó so sípánà mọ́ ìbàdí bí idà!

Òun ló ń tọ́jú ilé kọ̀ǹpútà ńlá kan l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àkọsílẹ̀ aláìsàn ilé ìwòsàn mẹ́rìnlá wà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù méjì, kí èkejì lè gbà á bí ọ̀kan bá kọṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ṣódipọ̀ lu àyà níwájú ọ̀gá rẹ̀: "Bí ooru bá wọ yàrá yẹn, sà, ẹ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò pẹ́ tí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù, ó dáhùn. Amúlétutù kìíní ò gbérí. Èkejì gbérí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ooru yàrá gùn dé ìwọ̀n méjìdínlógójì. Bó bá kan ogójì, gbogbo kọ̀ǹpútà á pa iná ara wọn. Ẹ̀rù ba akọni wa, n ò ní purọ́. Iṣẹ́ ń lọ lójú ẹ̀ báyìí.

Ló bá fò sẹ́yìn ilé, ó sì kan ọ̀tá: ẹní ńlá kan ló bo ẹnu ẹ̀rọ kejì pátápátá, gbodo, iṣu tí wọ́n ń sá fún èlùbọ́, sì tò sórí rẹ̀ bí ọmọ ogun. Ìyá Moróunkẹ́jì, agbálẹ̀ wọn, ló sá a síbẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ méjì ò jẹ́ kí oòrùn yọ, ìyá sì ti rí i pé atẹ́gùn gbígbóná ń tú jáde níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá dán ẹ̀rọ wò.

"Ẹ rọra o, injiníà!" ni ìyá ké. "Kò tíì gbẹ!"

Akọni ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó di etí ẹní mú, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó fà á! Gbodo tú ká. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òtútù sì wọ yàrá padà nígbà tó ku ìwọ̀n kan péré kó pé ogójì.

Ṣódipọ̀ gun orí àpótí, ó na sípánà sókè: "Kí tọmọdé tàgbà gbọ́! Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá nǹkan sórí ẹ̀rọ ilé yìí, ìbáà ṣe gbodo, ìbáà ṣe ata!"

Ìyá Moróunkẹ́jì nàka sí ẹ̀rọ kìíní, níbi tí ṣòkòtò méjì tí injiníà fọ̀ lánàá nà gbalaja sí.

Akọni sọ̀ kalẹ̀, ó ká wọn sábẹ́ apá, ó tún gun àpótí padà.

"Ìbáà ṣe ṣòkòtò!"