Ẹ̀ka Ẹnu Ìrókò

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́? Ẹ rò pé ọ̀rọ̀ igi ni, àbí? Irọ́ o! Ọ̀rọ̀ eyín ni.

Obìnrin kan wà ní Òkè-Ìyeyè, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ga fíofío, ni wọ́n bá ń pè é ní Ìrókò. Nígbà tí Ìrókò pé ọmọ ọdún méje, eyín iwájú rẹ̀ kan ya kúrò lára èkejì, ó ń yọ síta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ eyín náà ní ẹ̀ka.

Bàbá Atúnyínṣe, tó máa ń fi òwú so eyín ọmọdé kó lè tò, wá bá Àwẹ̀ró. "Ìyá Ìrókò, eyín ọmọdé ń gbọ́ràn. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́fà, màá fà á padà sílé."

Àwẹ̀ró fárígá. "Ẹ fẹ́ ba ẹwà ọmọ mi jẹ́ ni? Èjí ló ń bọ̀ yẹn! Èjí yẹn ló máa fi fẹ́ ìyàwó!"

Èjí ń bọ̀ lóòótọ́. Ó bọ̀, bọ̀, bọ̀, ó kọjá ètè, ó dorí kọ àgbọ̀n. Bí Ìrókò bá fẹ́ mu ẹ̀kọ, eyín ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Adìyẹ kan tilẹ̀ bà lé e lọ́jọ́ kan, ó sì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìrókò rí Àjíún, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ tọrọ rẹ̀, àyà Àwẹ̀ró ń já. Bí àwọn àna bá rí eyín yìí ńkọ́?

"Tó o bá ti wọlé, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Dojú bolẹ̀ dáadáa, wọn ò ní rí i."

Ìrókò gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, gbàlà! Eyín wọ ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá Àjíún wí.

Ìrókò ò dìde.

"Ẹ wo ọmọ tó mọ ìkíni! Ó tó o, dìde."

Ẹsẹ̀ nìkan ni Ìrókò ń jù. Àwọn àna ń pàtẹ́wọ́ pé ẹ̀kọ́ ilé rèé, àfìgbà tí Àjíún bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́.

"Yéè! Ọkọ mi ti gbin ara rẹ̀ sílẹ̀!"

Ọkùnrin mẹ́rin di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n fà á títí apá fi ń ro wọ́n. Ọkọ́ ni wọ́n padà fi hú u. Ojú ti Àwẹ̀ró, ó ti gbà pé ìyàwó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ òun nìyẹn.

Bàbá Àjíún wo ihò, ó wo Ìrókò. "Ẹ tètè máa mú ọmọ mi lọ, kí tiyín má baà ta gbòǹgbò sílé mi!"

Àjíún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mò ń bá yín lọ, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n eyín ọmọ tí mo bá bí ńkọ́?"

Àwẹ̀ró ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀. "Ìyàwó mi, bó bá ti ń yà báyìí ni màá gbé e lọ sọ́dọ̀ Atúnyínṣe. Kékeré la ti ń pẹ̀ka Ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́!"