Èlùbọ́ Tí Mo Sá Sẹ́yìn Kọ̀ǹpútà

Òjò wẹliwẹli ló gba òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ kẹta rèé tí oòrùn ò yọ ní Ìkọ̀lé, iṣu tí mo bọ̀ fún èlùbọ́ sì ti fẹ́ máa bu.

Ọ́fíìsì ilé-ìwé tó wà lẹ́yìnkùlé mi ń jò, ni wọ́n bá bẹ̀ mí kí n gba kọ̀ǹpútà ńlá wọn sí yàrá kan. Dúpẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló ń bójú tó o láti Ìbàdàn. Ó ní ẹyọ kan ni lójú, àmọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé, máàkì àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹnìkejì tí àwọn ayálégbé lè kó lọ bá bí a bá ń tún ilé ṣe, ìyẹn bí a bá ń fi sọ́fúwéà tuntun sí i, nítorí náà gbogbo wọn á kọ́kọ́ sùn. Tẹ́lẹ̀, Dúpẹ́ máa ń wọkọ̀ wá fi sọ́fúwéà tuntun sí i ni. Ní báyìí, ó ti ṣí ọ̀nà kan tí yóò máa gbà pàṣẹ fún un láti ọ̀hún, tí ẹ̀rọ náà á sì máa fèsì. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ dán an wò. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní bí kò bá yọrí, ẹlòmíràn lòun máa gbé iṣẹ́ náà fún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o," Dúpẹ́ kìlọ̀ fún mi lórí fóònù.

N kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo na ọwọ́ sí, tí atẹ́gùn gbígbóná ń jáde bí ẹnu ààrò. Mo ní Ọlọ́run ò gbàgbé mi. Mo gbé atẹ èlùbọ́ tì í, mo fi ìró bo gbogbo rẹ̀ kí ooru má baà ṣòfò.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún.

"Màmá, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn?"

"Ògiri ni."

Irọ́ kọ́. Ògiri wà lẹ́yìn atẹ.

"Ó ń sọ fún mi pé ooru ń mú òun."

"Nínú òtútù yìí? Bóyá ibà ló ń ṣe é."

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti dákẹ́.

"Iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì," ló wá sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jẹ́wọ́.

"Ọmọ mi, èlùbọ́ ni."

"Èlùbọ́ báwo, Màmá?"

"Èyí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹ ni."

Mo gbé atẹ kúrò, mo ká ìró, mo tẹ bọ́tìnnì tó ní kí n tẹ̀. Olúwa ṣeun, sọ́fúwéà àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀; orí ìyẹn ló padà sí, Dúpẹ́ sì tún àṣẹ rẹ̀ pa. Kó tó di ọ̀sán, ayálégbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jí, máàkì ẹnì kankan ò sọnù.

"Ọ̀gá bi mí léèrè ohun tó fà á," Dúpẹ́ ní. "Mo ní atẹ́gùn ò ráyè kọjá."

Ohun tí mo kọ́ ni pé ibi tí nǹkan ń gbà mí èémí, a kì í sá èlùbọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó èlùbọ́ lọ sórí ààrò, mo gbá ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà mọ́, mo sì kí i káàárọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín, èmi náà rín. Ẹni tó lè jókòó nínú ilé mi kó máa rojọ́ mi dé Ìbàdàn, ó yẹ ká máa kí ara wa.