Agbádá Funfun Lórí Àgbá Ọtí

Ọjọ́ tí a sin Délé, ọ̀rẹ́ mi, ní Manchester kò lè tán lọ́kàn mi láé. Ọgbọ̀n ọdún ni a fi jọ ṣe olùkọ́. Kí ó tó kú, ó mú mi ṣèlérí pé èmi ni n ó ka ọ̀rọ̀ ìdágbére níwájú pósí òun.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bùnmi, ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè mí nílé wọn ní àdúgbò Gorton. Mo ní rárá, n kò fẹ́ ni ilé ọ̀fọ̀ lára. Mo wá lọ gba yàrá pọ́ọ́kú kan lókè ilé ọtí àtijọ́ kan láàárín ìlú. Èmi tí n kò mu ọtí rí! Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ bàtà, fèrèsé rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, mo rí i pé agbádá funfun mi ti rún nínú báàgì. Mo wọ́n omi sí i, mo gbé e lọ sí àgbàlá ẹ̀yìn, níbi tí oòrùn ti ń yọjú díẹ̀. Àgbá irin mẹ́ta wà níbẹ̀. Nílé wa, àgbá tó bá wà lẹ́yìnkùlé, omi ló wà nínú rẹ̀. Mo sá agbádá lé wọn lórí, mo lọ mu tíì.

Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀yìn agbádá ti pọ́n bí omi àgbo. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó dà sórí àwọn àgbá náà ló fà mu. Obìnrin onílé ọtí káàánú mi, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń dín ẹja kí ó lè tètè gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́. Òórùn wá di méjì.

N kò ní aṣọ mìíràn. Mo wọ kóòtù lé e, mo de bọ́tìnnì dé ọrùn. Nínú bọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó jókòó tì mí. Wọ́n ti mú ṣọ́ọ̀ṣì gbóná dè wá; bí ara mi ti ń móoru ni ọtí náà ń jí. Mo dúró níwájú pósí, mo kà á sókè pé, "Délé kò fi ẹnu kan ọtí rí." Àwọn ará iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fi áńkáṣíìfù bo imú. Mo rò pé ẹkún ni.

Ìyá Bùnmi dìde, ó sún mọ́ mi. "Bàbá Túndé, ṣé ẹ ti mutí ni?"

"Rárá o, Ìyá Bùnmi. Agbádá mi ló…"

"Agbádá yín ló mutí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Mo ká ìwé mi, mo jókòó. N kò tíì ka ju ìlà kan lọ. Wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi jáde láìgbọ́ ìyókù.

Létí sàréè, mo ro ẹjọ́ mi fún Ìyá Bùnmi. Ó wo agbádá, ó mi orí. "Ẹ ò fẹ́ ni wá lára, àbí? Ká ní Délé rí yín báyìí, ẹ̀rín ì bá pa á." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, kí a tó rántí ibi tí a dúró sí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ilé ọ̀fọ̀ bá tẹ́ ẹní fún yín, ẹ sùn lórí rẹ̀. Kíkọ̀ tí mo kọ̀, tí mo pè ní àánú, ìgbéraga ni. Lọ́dọọdún ni mò ń lọ ka ìwé náà tán fún Délé létí sàréè, ilé Ìyá Bùnmi ni mo sì ń sùn. Kì í sì í jẹ́ kí n jáde kí òun tó gbóòórùn aṣọ mi. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ojú ṣì ń tì.