Ohun Tí Kámẹ́rà Ọ̀nà Àjàṣẹ́ Rí

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwa mẹ́ta la wà ní pálọ̀ mi ní àdúgbò Adéwọlé: èmi, Sìdí ọmọ mi tó wá kí mi láti ilé ọkọ rẹ̀, àti ológbò tí olóògbé ìyàwó mi fi sílẹ̀.

Sìdí kò tíì jókòó tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Baba, wọ́n ní ọkọ̀ yín sáré kọjá bó ṣe yẹ lọ́nà Àjàṣẹ́. Ọjọ́ Àlàmísì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kámẹ́rà ló rí i."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí nítorí pé òun ló bá mi kọ fọ́ọ̀mù ọkọ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ ló sì fi sí i. Èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ wàhálà.

"Irọ́ ni," mo ní. "Ẹ̀yìn ń dùn mí ní Àlàmísì. Mo dùbúlẹ̀ ni. Ṣé o ò rántí pé o pè mí?"

Ó rántí. Ó tilẹ̀ ti ṣe àdúà fún ẹ̀yìn náà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀yìn mi. Mo gbé Ìyá Kúdírá, opó kan tó ń ránṣọ ní Táíwò Road, lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí àwa méjèèjì ti ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀, n ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta péré sẹ́yìn ni ìyá Sìdí kú. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ mi lè rò pé mo ti gbàgbé ìyá rẹ̀.

Ká ní mo dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tí mo bá wá sọ ọ́, n kì í sọ ọ́ re.

"Kò sí kámẹ́rà kankan lọ́nà yẹn," mo ní. "Bó bá sì wà tí wọ́n fi í pamọ́, ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn rọra, kó gbé bọ́ọ̀dù ìkìlọ̀ síta. Olè ló ń lúgọ."

"Wọ́n ní àwòrán wà nínú rẹ̀, Baba. Nẹ́tíwọ̀kì ni ò jẹ́ kó ṣí."

"Fi àwòrán sílẹ̀," mo ní kíá. "Jẹ́ ká lọ wo ojú ibẹ̀ fúnra wa."

Mo rò pé bí nẹ́tíwọ̀kì bá burú ní Adéwọlé, yóò kú pátápátá lọ́nà oko. Kí n má sì purọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n rí ẹ̀rọ náà. Mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n bá ní ó wà, mo máa ń fẹ́ lọ fi ojú ara mi rí i.

A dé ibi tí wọ́n kọ sínú iṣẹ́ náà, nítòsí afárá kékeré kan. Mo gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òkúta ti wọ bàtà mi, mo bá fara ti àpótí irin kan tó ní àwọ̀ eérú, mo yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà. Mo wo abẹ́ afárá. Mo ya koríko wò. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn òkìtì kan. Ọlọ́kadà kan dẹ eré rẹ̀.

"Baba, ẹ wọgbó dáadáa o! Obìnrin wà níbí!"

Sìdí fi híjáàbù bojú.

Ìgbà tó yá ni mo rí i. Àpótí pákó ni, wọ́n gbé e sórí igi òrí kan, ihò kékeré kan wà níwájú rẹ̀, ihò náà sì kọjú sí títì gan-an.

"Òun nìyí!" mo pariwo. "Wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń wò wá!" Mo he igi kan nílẹ̀, mo fi gbá a lẹ́ẹ̀kan. "Ọwọ́ tẹ̀ ọ́ lónìí!"

Ohùn kan ké láti inú oko iṣu tó wà lẹ́yìn igi náà. "Baba! Oyin ni o! Ẹ má gbá a!"

Oyin ti tú jáde. Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá fi ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ò ní jiyàn. Èmi àti Sìdí kó sọ́kọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Oyin méjì bá mi wọlé.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, olóko náà wá sídìí fèrèsé wa. Ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò sì rọrùn fún un. Sìdí ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà la wá wò.

"Kámẹ́rà kẹ̀? Àpótí irin tí Baba fara tì lẹ́ẹ̀kan yẹn mà ni."

Ètè mi òkè ti wú, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe kí n má bi í. "Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má kọ nǹkan kan sára rẹ̀?"

Olóko náà tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ títì. "Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù síbí rí. Àwọn awakọ̀ á rọra títí dé ìdí bọ́ọ̀dù, bí wọ́n bá ti kọjá rẹ̀ báyìí, ó di eré. Ìwájú bọ́ọ̀dù yẹn náà ni wọ́n ti gbá màlúù mi pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò kìlọ̀ fún náà lẹ́jọ́ rò. Ẹ̀yin náà ẹ wo oyin mi, Baba. Ìta gbangba ló wà, n ò kìlọ̀ fún yín, ẹ sì lọ gbá a."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni fóònù Sìdí dún.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Nẹ́tíwọ̀kì ibí mà dáa o, Baba! Àwòrán ti ṣí."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òpó nẹ́tíwọ̀kì gíga tó wà lẹ́yìn oko iṣu. Èmi tí mo ń wá kámẹ́rà lábẹ́ koríko.

Sìdí wo àwòrán náà pẹ́. Ó gbé e fún mi. Nínú rẹ̀, ọwọ́ kan ni mo fi di ìdarí ọkọ̀ mú. Ìyá Kúdírá ń fi ẹ̀pà sí mi lẹ́nu. Mo ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín mi wà níta, títí kan àyè èyí tó ti yọ.

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín nìyí?" Sìdí ní.

Ojú tì mí, mo na fóònù padà sí i.

Ó gba fóònù, ó tún un wò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Baba, láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú, n ò rí eyín yín mọ́. Mo ti rò pé n ò ní rí i mọ́ láé." Ó fi etí híjáàbù nu ojú. "Ta ni wọ́n?"

"Ìyá Kúdírá. Wọ́n ń ránṣọ ní Táíwò."

"Ẹ wá fi wọ́n pamọ́ fún èmi! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní olè ló ń lúgọ?"

Olóko ò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Sìdí bá a rín in. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí dé ìdí ètè.

Mo ṣì ń rò ó di òní bóyá ó tọ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà pamọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ni mo máa ń gbè lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, màlúù olóko yẹn á wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó dá mi lójú ò ju ẹyọ kan lọ: ká ní mo rí kámẹ́rà náà ní Àlàmísì, ǹ bá dẹ eré, ǹ bá sì pa ẹnu dé. Ọmọ mi ì bá má sì mọ̀ pé mo tún lè rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Sátidé yẹn, mo gbé Sìdí lọ sí Táíwò Road. A kọ́kọ́ tẹ àwòrán náà jáde, mo ní kí wọ́n fi férémù sí i. Lẹ́yìn náà la forí lé ọ̀dọ̀ Ìyá Kúdírá. Mo rọra wakọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta ló fọn fèrè sí mi lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ń wò, mo sì fi ètè wíwú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, bóyá wọ́n tún ń ya àwòrán wa.