Adìẹ Tó Sàba Sínú Fìlà Baálẹ̀

Kóoo! Kóoo! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Ìdí-Ọsàn! Tọkùnrin tobìnrin, tewúrẹ́ tadìẹ! Pàápàá jù lọ, tadìẹ!

Baálẹ̀ Akínfẹ́nwá ní ká kí yín. Inú ẹ̀ ò dùn. Kò sì dé fìlà.

Gbogbo yín mọ ọgbà ẹ̀fọ́ tó dá sẹ́yìnkùlé. Tẹ̀tẹ̀ ni, ilá ni, tòmátì ni. Ẹ rí i bó ṣe ń yọ̀ nígbà tí tẹ̀tẹ̀ kọ́kọ́ hù, tó ń jí wò ó láràárọ̀ bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun. Wọ́n ní kó sọgbà yí i ká. Ó ní kí ni? Ilé Baálẹ̀! Adìẹ wo ló láyà? Ló bá ṣí fìlà oyè lórí, ó fi kọ́ igi, ó ní aṣọ́komásùn nìyẹn. Adìẹ á rí oyè, adìẹ á sá.

Wọn ò sá o! Wọ́n ṣá tẹ̀tẹ̀ jẹ, wọ́n tú tòmátì. Atẹ́gùn gbé fìlà sáàárín ilá. Adìẹ dúdú Ìyá Mopélọ́lá, opó tí kò ní ju adìẹ kan ṣoṣo yẹn lọ, wọ inú ẹ̀, ó yé, ó sàba. Ta ló sì ń gbé adìẹ kúrò lórí ẹyin nílùú yìí? Baálẹ̀ gan-an ò tó bẹ́ẹ̀. Ló bá ń lọ sípàdé àwọn olóyè láìdé fìlà.

Nítorí náà, ó pàṣẹ! Ó pàṣẹ o!

Èkíní: Adìẹ tó bá fẹ́ gba iwájú ilé Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Èyí tí kò bá tọrọ, ọbẹ̀!

Èkejì: Ẹni tó bá rí orí Baálẹ̀ tó rẹ́rìn-ín, á máa pọnmi sí ilá títí ilá á fi gbó.

Ẹ̀kẹta: Ẹni tí ikọ́ bá ṣàdédé mú lásìkò yẹn, ẹ̀rín ló rín. Ìyà kan náà!

Ẹ̀kẹrin, ẹ tẹ́tí dáadáa: Ọmọ tó bá jáde nínú fìlà oyè, ọmọ olóyè ni. Ti Baálẹ̀ ni wọ́n! Ìyá Mopélọ́lá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Tó bá kàn wọ́n, á kúrò nílùú!

Obìnrin náà sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní àwọn ọmọ adìẹ náà lòun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn. Baálẹ̀ ò gbọ́. Kò gbọ́ rárá!

Ó dáa. Ẹyin pa láàárọ̀ yìí. Baálẹ̀ ti bu ọkà sílẹ̀, ó ti gbé omi kalẹ̀. Adìẹ dìde, ó gbọnra, ó tẹ ọkà Baálẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ rẹrẹ, ó di ilé Ìyá Mopélọ́lá. Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́yà. Kò fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Nítorí náà, ẹ̀karùn-ún, àṣẹ òní: Baálẹ̀ wà lójú títì báyìí, ọkà ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń pe àwọn ọmọ ẹ̀. Kí gbogbo ìlú dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ!

Iṣẹ́ tí wọ́n rán akéde nìyí, ó ti jẹ́ ẹ, kò fi iyọ̀ kún un. Kí ará oko bi ará ilé. Àwọn òròmọdìẹ ti gbọ́ ní tiwọn. Wọn ò dáhùn.