Ẹni Tí Kò Kí Bàbá Géètì

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, láago méjì ọ̀sán, èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lórí fóònù. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún, ó ku mẹ́rin. Fóònù fúnra rẹ̀ ló kà wọ́n, a ò bù mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni aránṣọ tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù, oníyẹ̀yẹ́ ni wọ́n. Orí lásán ò fọ́ wọn rí.

Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni, níbi tí wọ́n ti fa omi ìtọ́jú sí i lára láti àárọ̀. Ìborùn ti yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ tí irun ti tán. Ó gba iwájú bàbá rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lé ọkọ̀, ó dé ìdí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì gbé fóònù ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá láàárọ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, ó dé fìlà, ó gbé ìwé sórí orúnkún, bíìrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu géètì. Géètì ni kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀.

"Bàbá, àwọn èèyàn mi dà?"

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn! Mẹ́rin ló kù!"

"Àwọn tó lẹ́kọ̀ọ́ ló kù."

Aránṣọ wá ibi fìdí lé lórí àpótí ìdí máṣíìnì.

"Bàbá, kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe láàárọ̀?"

"O ní àwọn oníyẹ̀yẹ́ ń yọ́ wọlé, kí n bá ọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. O ní kí n tẹ orúkọ mọ́lẹ̀, kí n tẹ 'yọ'. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo yọ ọ́. Àtàǹpàkò mi ṣì ń ro mí."

"Oníyẹ̀yẹ́ ni mo ní kẹ́ ẹ yọ!"

"Báwo lèèyàn ṣe ń dá oníyẹ̀yẹ́ mọ̀? Jókòó kí n kọ́ ọ. Ẹni tó bá wọlé tí kò kí ẹ̀ṣọ́, nǹkan wà nínú báàgì rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò ṣì í rí."

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ, ẹni tí ó wá rí, àkókò ìwọlé, àkókò ìjáde, àkíyèsí.

"Olùkọ́ Ìṣirò," ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ẹ káàsán, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Ohun tó kọ ni pé, 'Irun mi ti tán.' Mo ní a kì í ta irun níbí. A lé e."

"Abẹ́rẹ́ ló mú irun rẹ̀ lọ, Bàbá! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wá ìgboyà tó máa fi sọ ọ́!"

"Kò sì lè kí èèyàn kó tó sọ ọ́? Irun ló tán, ṣé ẹnu náà tán ni?"

"Ẹ̀yin Bàbá yìí!"

"Awakọ̀ Tírélà. 'Mo ti ń bì látàárọ̀.' Lẹ́nu géètì mi? Mo yára lé e kó tó ba ilẹ̀ jẹ́."

"Orí fóònù ni!"

"Fóònù ta ni? Ta ni yóò nù ún?"

Aránṣọ di orí mú. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn ni, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Bàbá. Ìyá Oníbúrẹ́dì ńkọ́?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ni ọ̀rọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n gé ọmú òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sá. Dókítà sì ti sọ fún un pé àrùn ò ní dúró dè é kó tún sá lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹgbẹ́ ti fìmọ̀ ṣọ̀kan pé láago méje ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kálukú máa fi fóìsì ránṣẹ́ sí i. Ó ní bí òun bá gbọ́ ohùn wọn, òun á lọ. Bí òun ò bá gbọ́ ọ, kí wọ́n má wá òun wá.

"Oníbúrẹ́dì, oníbúrẹ́dì..." Bàbá ń fi bíìrò wá a. "Òun rèé. Aago mẹ́ta ààbọ̀. 'Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ sá.'"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo ṣílẹ̀kùn fún un."

Síṣọ́ọ̀sì já bọ́ lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó he é.

"Ẹni tó ní òun fẹ́ lọ!" ni Bàbá ń wí. "Ṣé kí n dì í láṣọ mú? Wọ́n á ní mo ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé. Mi ò kọ 'a lé e' síwájú orúkọ tirẹ̀. Mo tiẹ̀ kọ̀wé sí i pé 'ó dàbọ̀ o'. Òun nìkan ni mo kọ ọ́ sí."

Aránṣọ pe obìnrin náà. Ó dún, ó dún, ó dákẹ́. Ó tún un pè. Ó dún, ó dákẹ́.

"Àwọn wo gan-an lẹ wá fi sílẹ̀?"

"Àwọn ọmọlúàbí. Gbọ́ eléyìí. Òtítọ́ Korò lorúkọ rẹ̀. 'Ẹ káàsán o, Bàbá wa. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ojú lọ́nà.' Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wa ò kí mi báyẹn rí títí tí mo fi kúrò níbẹ̀."

"Òun ló máa ń bi wá láràárọ̀ pé ta ló kú lóru!"

"Ọ̀rọ̀ yín ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn."

"Ó ní ká fi orúkọ ránṣẹ́, kóun lè to àwọn tó máa kọ́kọ́ kú lẹ́sẹẹsẹ!"

"Ẹni tó mọ ètò ni."

"Ìkejì?"

"Dókítà Oníyọ̀."

"Èyí tó ní ká pa abẹ́rẹ́ tì, ká máa fi iyọ̀ ra àtẹ́lẹsẹ̀!"

"Ó kí mi lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìkẹta?"

"Ìyẹn ò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ojú ẹlẹ́rìn-ín mẹ́tàdínlógún ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ sí àkíyèsí: ọlọ́yàyà èèyàn."

Aránṣọ na àtàǹpàkò sí fóònù. "Mo fẹ́ yọ wọ́n."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́. "O ò lè yọ wọ́n. Wọn ò tíì sọ àkókò ìjáde. Ìlà òfìfo kan kì í sùn nínú ìwé mi."

Bí wọ́n ṣe ń fà á ni fóònù dún. Bàbá fi awò sójú. Ó kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

"Òtítọ́ Korò ni. Ó ní, 'Bàbá, ẹ ti bá mi kó gbogbo òkú yẹn dà síta. Iṣẹ́ yín dáa.'"

Ó tún un kà sínú. Ó yí fóònù wò lẹ́yìn, bí ẹni pé ìyókù ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

"Kò sí ẹ kú ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀," ó wí. "Òkú wo?"

"Àwa ni, Bàbá. Èmi náà wà níbẹ̀."

Bàbá yọ awò. Ó nù ún. Ó fi í padà sójú.

"Bá mi tẹ ibi tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí."

"Ẹ má dá a lóhùn o! Èsì loúnjẹ àwọn èèyàn yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fún un lóúnjẹ, kò ní lọ mọ́."

"Ta ló fẹ́ fún un lóúnjẹ? Fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ fún un."

Ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn inú ilé; ohùn ẹnu géètì ni, èyí tí awakọ̀ ń gbọ́ kó tó tẹ bíréèkì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Òtítọ́. Bàbá Géètì ló ń sọ̀rọ̀. Ìwé yín ò pé. Orúkọ bàbá yín? Ta lẹ wá rí? Ẹni tẹ́ ẹ wá rí, ṣó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀? Kí lẹ gbé lọ́wọ́? Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò gbé nǹkan kan, kí ló dé tẹ́ ẹ wá kí aláìsàn lọ́wọ́ òfìfo? Ẹ dúró lójú kan, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀..."

Ìṣẹ́jú méje ló fi sọ̀rọ̀. Èsì dé: *Bàbá yìí ti ya wèrè.*

"Kò dáhùn ìbéèrè kìíní," ni Bàbá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìyẹn gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, nítorí ó dúró lágbedeméjì láti wá bíìrò, gbogbo wọn sì gbọ́ bó ṣe ń wá a.

Dókítà Oníyọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Kò dágbére. Ọlọ́yàyà fi ojú kan ṣoṣo ránṣẹ́, ìyẹn ò rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá tirẹ̀ lọ.

*Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an?* ni Òtítọ́ Korò kọ.

"Àkókò ìjáde yín, sà."

*Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ṣó ti tó?*

Ó jáde. Bàbá wo aago ara ògiri. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ó pé ìṣẹ́jú mẹ́rin géérégé. Ẹ̀ṣọ́ kì í lé oníjàgídíjàgan, ọmọ mi. Ńṣe ló máa ń jẹ́ kó sú u."

Aránṣọ ò ráyè rẹ́rìn-ín. Ó ti ń dá àwọn èèyàn padà níkọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ Tírélà wọlé pẹ̀lú èébú. Olùkọ́ Ìṣirò kọ ọ́ pé, *Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Irun mi ṣì ti tán.*

"Wo bó ṣe rọrùn," ni Bàbá wí.

Nígbà tó di aago méje ku ogún, èèyàn méjìlélógójì ti padà. Orúkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì náà wà níbẹ̀, aránṣọ ti fi í sí i, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Aago méje lù. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ láti gbọ́ fóìsì tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ:

*Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mo ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń dúró dèèyàn méjì kí ọkọ̀ kún. Ta ló kọ ó dàbọ̀ sí mi? Mo rò pé gbogbo yín lẹ fọwọ́ sí i pé kí n máa lọ.*

Aránṣọ na fóònù síwájú. Ó kàn wo bàbá rẹ̀. Bàbá ká ẹsẹ̀ jọ, ó tún fìlà dé.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ewu," ó sọ sínú fóònù. "Èmi ni mo kọ ó dàbọ̀. Àgbà tó ṣì í ni mí, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà. Gbogbo àwọn yòókù, 'a lé e' ni mo kọ síwájú orúkọ wọn. Ẹ̀yin, mi ò lé yín. Ìlà yín ṣófo. Ẹni tí àkókò ìjáde rẹ̀ bá ṣófo, inú ilé ló wà. Nínú ìwé mi, ẹ ò tíì jáde. Ẹ sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ẹni tó gbé kò sí nínú ọkọ̀ rẹ̀."

Ó dákẹ́. Ẹgbẹ́ ò dákẹ́. Fóìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan lé èkejì. Olùkọ́ ní òun á dé ilé ìwòsàn láago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú orí òun tó ń dán, kó lè tètè rí òun. Awakọ̀ Tírélà sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó ní kí wọ́n dúró, ó lọ bì, ó padà wá parí rẹ̀. Láago méje kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ̀wé:

*Mo ti sọ̀kalẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ń bú mi. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé inú ilé ni mo wà.*

Bàbá kọ ọ́. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Aránṣọ dìde, ó di ògiri mú. Ó fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.

"Dúró ná," ni Bàbá wí. "Ìlà kan ṣì ṣófo."

Ó ṣí ìwé padà sí ojú ewé kìíní, sí orúkọ àkọ́kọ́ pàá, tó ṣáájú gbogbo oníyẹ̀yẹ́ àti aláìsàn: *Aránṣọ. Ó jáde láago mẹ́jọ àárọ̀, ó lọ gba omi ìtọ́jú. Àkókò ìwọlé:* Kò sí nǹkan kan níwájú ìyẹn àfi àmì bíìrò wẹ́wẹ́, bíi ti ẹni tó ti ń fi ẹnu bíìrò kan ìwé níbẹ̀ látàárọ̀.

"Mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yìí láti aago mẹ́jọ," ni Bàbá wí, kò sì gbé ojú sókè nínú ìwé. "Láago márùn-ún, ẹnìkan gba iwájú mi kọjá. Kò kí mi. Kò wojú mi. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fi lé èèyàn méjìlélógójì nìyẹn. Ó dáa, ìwọ tó o mọ òfin: ṣé kí n yọ ìwọ náà ni?"