Ìyá Àjàgbé Wá Ọmọ Rẹ̀ Dé Abẹ́ Ikùn Awẹ̀ró

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ìyàwó àná ni ìyakọ òní? Ẹ má wulẹ̀ wojú ara yín. Ọ̀rọ̀ náà kò ti orí ilẹ̀ wá.

Ní ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí oòrùn kò dé rí, irú ẹja kan wà. Abo rẹ̀ tóbi, ó ní ọ̀pá níwájú orí, iná sì ń tàn lórí ọ̀pá náà. Ẹja tó bá ní kí òun wá wo iná yẹn ti di oúnjẹ. Akọ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ojú ńlá, àti imú tó ń gbóòórùn ìyàwó láti òkèèrè, ni gbogbo ogún rẹ̀.

Àjàgbé, ọ̀kan nínú àwọn akọ náà, gbóòórùn abo kan tó ń jẹ́ Awẹ̀ró, ó jáde nílé, kò sì padà. Ni ìyá rẹ̀ bá fi ìbínú gbéra, ó wá Awẹ̀ró kàn.

"Ọmọ mi dà?"

Awẹ̀ró tẹ iná orí rẹ̀ ba, bí ẹja ṣe lè kúnlẹ̀ mọ. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Olówó orí mi rèé lábẹ́ ikùn mi. Ó fi eyín mú mi, kò sì tú mi sílẹ̀ mọ́. Awọ wa ti lẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ti di ọ̀kan."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ojú ńlá tí mo bí mọ́ ọn!"

"Ó ti rá. Èmi ni mò ń wọ̀nà fún àwa méjèèjì."

"Ìfun rẹ̀?"

"Ó ti gbẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ mi ló ti ń jẹun."

"Kí ló wá ṣẹ́ kù lára ọmọ mi?"

Awẹ̀ró wolẹ̀. "Ohun tó máa fún yín lọ́mọ-ọmọ, Ìyá. Ìyẹn ṣì pé."

"Háà! Mo bí odidi ọkùnrin, o sọ ọ́ di kókó! Ìyàwó ní í lọ sílé ọkọ! Ṣé ẹ̀kọ́ ilé yín nìyí? Mo ń mú un lọ!"

Ó fẹnu gbá ìrù Àjàgbé mú, ó fà á. Awẹ̀ró ké. Ó tún fà á, Awẹ̀ró yí bìrí tẹ̀lé e, iná orí rẹ̀ sì tàn sábẹ́ ikùn Ìyá. Nǹkan kan so rọ̀ níbẹ̀, kò lójú, kò nífun.

"Ìyá, ta nìyí?"

Ìyá ní láti tú ìrù ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè dáhùn. "Bàbá Àjàgbé ni. Tiwa yàtọ̀! Òun ló bẹ̀ mí!"

"Ìyá tó bí òun náà kò wá a wá ni?"

"Ó wá! Obìnrin aláìnítìjú! Díẹ̀ ló kù kó fa ikùn mi ya!"

Ìyá náà gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ó yí padà, ó lọ láìmú ọmọ, ó sì ń kùn títí òkùnkùn fi bò ó.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí wọ́n bá ti ń bú yín pé ẹ ti gba ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má jà. Ẹ ṣáà rọra yọjú wo abẹ́ ikùn wọn. Ìyàwó àná ni ìyakọ òní.